Àbùlà Tó Ní Òòfà Nínú: Ohun Tí Irin Díẹ̀ Lè Fi Mẹ́táàlì Ṣe Nínú Òtútù

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn ọlọ́jà àti akẹ́kọ̀ọ́ agbègbè Trade Fair, Festac àti Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin



Ọ̀rọ̀ àbùlà ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe àbùlà epo, kì í sì í ṣe àbùlà oyin. Àbùlà inú mẹ́táàlì ni, pàápàá èyí tí òun fúnra rẹ̀ ní òòfà nínú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò pọ̀. Bí a bá ń yẹ mẹ́táàlì wò bóyá ó mọ́, kò tó kí a béèrè pé báwo ni àbùlà inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ká béèrè irú àbùlà tó jẹ́. Ìgbà mìíràn wà tí púpọ̀ nínú irú kan kò ní ṣe nǹkan kan, tí bíńtín nínú irú mìíràn á sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ọjà Trade Fair yẹ ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 1977, ọdún FESTAC gan-an, ni wọ́n ṣe ìpàtẹ ọjà àgbáyé àkọ́kọ́ ti Èkó níbẹ̀, nínú àwọn ilé tí Zoran Bojović ya àwòrán wọn, tí ilé iṣẹ́ Energoprojekt láti Yugoslavia sì kọ́. Lónìí, ẹ̀yà ara ọkọ̀ àti ti ẹ̀rọ ló kún ibẹ̀: ọ́tánétọ̀, sítáátà, kọ́íìlì, wáyà oríṣiríṣi. Bàbà ló wà nínú gbogbo wọn. Ẹni tó bá ń ra bàbà àlòkù a máa mú òòfà dání, irú èyí tí wọ́n tú lára sípíkà àtijọ́. Á fi kan ẹrù náà. Òòfà kì í fa bàbà; bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ti wọ̀ ọ́, owó á sì wálẹ̀.

Ìdánwò yẹn dára, àmọ́ ègé irin tó fara hàn nìkan ló lè mú. Bí wọ́n bá ti yọ́ irin àti bàbà pọ̀, tó jẹ́ pé átọ́ọ̀mù irin kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún átọ́ọ̀mù bàbà, òòfà ọwọ́ oníṣòwò kò ní mọ̀. Ohun tó lè tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀ ni òtútù tó mú ju òtútù lọ. Inú òtútù yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ wọ̀.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kì í fi ibi tí omi ti ń di yìnyín bẹ̀rẹ̀ òǹkà òtútù wọn. Ibi tí òtútù parí sí ni wọ́n ti ń kà á, níbi tí kò tún sí èyí tó mú jù ú lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní òdo Kelvin. Ó fi nǹkan bíi dígírì 273 rẹlẹ̀ sí ibi tí omi ti ń dì. Ní 1908, Heike Kamerlingh Onnes, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Leiden ní Netherlands, sọ afẹ́fẹ́ helium di olómi, èyí tó ń hó ní Kelvin 4.2. Ní 1911, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ mú mẹ́kúrì wọ inú òtútù yẹn, wọ́n sì ń wọn ìdènà tí iná ń bá pàdé nínú rẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé wáyà tí iná ń gbà kọjá a máa gbóná. Ìdènà ló fà á: àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn nǹkan tíntìntín tó ń gbé iná rìn, a máa forí gbá lọ́nà, agbára wọn á sì di ooru. Ohun tí Onnes rí ni pé nígbà tí òtútù dé Kelvin 4.2, ìdènà inú mẹ́kúrì pòórá lójijì. Kò rọra dín kù dé òdo. Ó wà, kò sì sí mọ́. Mẹ́táàlì tó bá ṣe báyìí ni wọ́n ń pè ní superconductor.

Ìpààrọ̀ ipò gidi ni èyí, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí omi di yìnyín. Mẹ́táàlì náà kò yí padà ní ojú, kò sì yí padà ní ìwúwo, ṣùgbọ́n bí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ṣe ń gbé pọ̀ ti di òmíràn. Mẹ́táàlì kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwọ̀n òtútù tirẹ̀ tí ìpààrọ̀ náà ti ń ṣẹlẹ̀. Òjé ń ṣe é ní nǹkan bíi Kelvin 7.2, niobium ní nǹkan bíi 9. Bàbà lásán kò ṣe é rí, bó ti wù kí òtútù mú un tó. Ní 1933, Walther Meissner àti Robert Ochsenfeld ní Jámánì tún rí ohun kan tó jọ ni lójú: superconductor a máa lé agbára òòfà jáde kúrò nínú ara rẹ̀. Èyí fi hàn pé ipò yìí àti òòfà kì í rẹ́.

Kí ló dé tí wọn kì í rẹ́? Ọdún 1957 ni ìdáhùn dé, láti ọwọ́ John Bardeen, Leon Cooper àti Robert Schrieffer ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní 1972. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní ohun tí wọ́n ń pè ní sípíìnì, èyí tó sọ ọ́ di òòfà kékeré tó lè kọjú sókè tàbí kó kọjú sísàlẹ̀. Bí òtútù bá mú tó, ìwárìrì àwọn átọ́ọ̀mù inú mẹ́táàlì á so àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù pọ̀ ní méjì méjì. Nínú èjì kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀kan bá kọjú sókè, èkejì á kọjú sísàlẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń lọ sápá ọ̀tún, èkejì á máa lọ sápá òsì. Gbogbo èjì wọ̀nyí, tí iye wọn kò ṣe é kà, á wá máa hùwà bí ẹyọ kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí ohun kékeré kan lójú ọ̀nà kò fi lè dá èyíkéyìí nínú wọn dúró.

Ẹ wá wo ohun tí àbùlà ń ṣe sí irú àjọṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fojú inú wo aláàárù méjì ní ASPAMDA, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Trade Fair, tí wọ́n fi igi gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kọ́ èjìká, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Bí ọ̀nà bá rí gbágungbàgun, àwọn méjèèjì ni gegele náà ń dé bá. Wọ́n á jọ tẹ̀, wọ́n á jọ nàró, ẹrù kò ní jábọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dúró lọ́nà, tó ń ti ẹni iwájú sọ́tùn-ún, tó sì ń fa ẹni ẹ̀yìn sósì, ẹ́ńjìnnì á balẹ̀. Ọ̀nà gbágungbàgun ni àbùlà tí kò ní òòfà. Ẹni tó ń ti ọ̀kan tó ń fa ọ̀kan ni àbùlà tó ní òòfà.

Philip Anderson ti Amẹ́ríkà ló fi ìdí apá àkọ́kọ́ múlẹ̀ ní 1959. Ó fi ìṣirò hàn pé àbùlà tí kò ní òòfà kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ìwọ̀n òtútù ìpààrọ̀ náà padà, nítorí ohun kan náà ló ń ṣe fún ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjèèjì inú èjì. Àbùlà tó ní òòfà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń wo sípíìnì kí ó tó mọ ohun tí yóò ṣe: èyí tó kọjú sókè ní ìṣe tirẹ̀, èyí tó kọjú sísàlẹ̀ ní òdìkejì rẹ̀. Ó tilẹ̀ lè yí ojú ọ̀kan padà kí àwọn méjèèjì wá kọjú síbì kan náà. Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, èjì náà ti tú.

Ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú. Ní 1958, Bernd Matthias, Harry Suhl àti Ernest Corenzwit, ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, mú lanthanum, mẹ́táàlì kan tó ń di superconductor ní nǹkan bíi Kelvin 6. Wọ́n ń da mẹ́táàlì àjèjì mọ́ ọn ní ìwọ̀n 1 nínú 100, lọ́kọ̀ọ̀kan: gadolinium, dysprosium, holmium àti àwọn ẹbí wọn. Ẹni tó bá rò pé agbára òòfà ni gbogbo ọ̀rọ̀ á retí pé dysprosium tàbí holmium ni yóò ṣe ìpalára jù, torí òòfà átọ́ọ̀mù tiwọn ló lágbára jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gadolinium ló ṣe é jù. 1 nínú 100 rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ipò superconductor náà tán. Kí ni gadolinium fi ju àwọn yòókù? Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méje ló wà nínú átọ́ọ̀mù rẹ̀ tí wọn kò ní ẹnìkejì, tí gbogbo wọn kọjú síbì kan náà. Sípíìnì tirẹ̀ ló pọ̀ jù. Èyí fi yé wọn pé kì í ṣe bí òòfà àbùlà ṣe lágbára tó ló ń tú èjì, bí kò ṣe bí sípíìnì àbùlà àti sípíìnì ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń bára wọn pàdé.

Ní 1960, Alexei Abrikosov àti Lev Gor'kov ní Soviet ṣe ìṣirò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí àbùlà náà ṣe ń pọ̀ sí i. Lákọ̀ọ́kọ́, ìwọ̀n òtútù ìpààrọ̀ ń wálẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú iye àbùlà. Lẹ́yìn náà, ó ń yára wálẹ̀ sí i, títí tí yóò fi dé ibì kan tí ipò superconductor kò lè sí mọ́, kódà ní òdo Kelvin.

Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu jù wà ní ẹ̀bá ibi yẹn. Nínú superconductor tó mọ́, ó ní iye agbára tí a gbọ́dọ̀ ná kí èjì kan tó lè tú. Bí agbára tí a ní kò bá tó o, kò sí ohun tí a lè ṣe. Gbogbo ènìyàn ló gbà pé àlàfo agbára yìí gan-an ló ń mú kí iná kọjá láìsí ìdènà. Ìṣirò Abrikosov àti Gor'kov sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní òdo Kelvin, bí àbùlà bá ti tó nǹkan bíi 91 nínú 100 ìwọ̀n tó máa pa á, àlàfo náà á ti parẹ́ pátápátá, síbẹ̀ iná á ṣì máa kọjá láìsí ìdènà kankan. Ní 1962, F. Reif àti M. A. Woolf ní Yunifásítì California fi ìdánwò gbe èyí lẹ́sẹ̀, pẹ̀lú òjé tí wọ́n da gadolinium mọ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí ó ṣe kókó: àbùlà ló kọ́ wa pé ohun tí a rò pé ó gbé ilé ró kọ́ ni òpó ilé. Àjọrìn àwọn èjì ni òpó. Kò sí mẹ́táàlì tó mọ́ tónítóní tó lè kọ́ wa ní ìyẹn.

Ọdún 1962 yẹn kan náà ni ọ̀rọ̀ molybdenum já síta, èyí tó yẹ kí gbogbo oníṣòwò irin gbọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dán mẹ́táàlì yìí wò nínú òtútù, tí kò sì di superconductor. Theodore Geballe, Matthias àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wá fọ̀ ọ́ mọ́ ju bí ẹnikẹ́ni ti ń fọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ lọ. Ní nǹkan bíi Kelvin 0.92, ìdènà inú rẹ̀ pòórá. Irin ló ti ń dí i lọ́wọ́ látẹ̀yìnwá, irin tó kéré débi pé iye átọ́ọ̀mù rẹ̀ nínú mílíọ̀nù kan ni wọ́n fi ń kà á. Ẹ̀bi tí kì í ṣe ti molybdenum ni gbogbo ayé ti ń dá molybdenum.

Irin tún ní iṣẹ́ mìíràn nínú bàbà àti wúrà. Ní 1934, ní Leiden, W. J. de Haas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé bí wọ́n ṣe ń mú wúrà tutù, ìdènà inú rẹ̀ ń dín kù títí dé ibì kan, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ọgbọ̀n ọdún kọjá kí Jun Kondo ti Japan tó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1964: àwọn átọ́ọ̀mù bí irin, tí wọ́n ní sípíìnì tiwọn, ló ń yí ojú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù padà bí wọ́n bá ti pàdé, ìpàdé náà sì ń le sí i bí òtútù ṣe ń pọ̀ sí i. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí bàbà tí irin díẹ̀ bá wà nínú rẹ̀. Òtútù ti mú ohun tí òòfà ọjà kò lè mú.

Bí irú àbùlà yìí bá wọ inú superconductor, ìpààrọ̀ ipò lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí òkè, àwọn olùwádìí ní Cologne àti ní San Diego da cerium díẹ̀ mọ́ àdàpọ̀ lanthanum àti aluminium. Bó ṣe ń tutù, ó di superconductor. Bí wọ́n ṣe tún mú un tutù sí i, ó kúrò nínú ipò náà, ó padà di mẹ́táàlì lásán. Ní 1977, San Diego tún ròyìn àdàpọ̀ erbium, rhodium àti boron tó ń di superconductor ní Kelvin 8.7, tó sì ń pàdánù ipò náà ní nǹkan bíi Kelvin 0.9, nígbà tí àwọn òòfà kéékèèké inú erbium bá tò pọ̀, tí gbogbo wọn kọjú síbì kan náà. Nínú tirẹ̀, erbium kì í tilẹ̀ ṣe àbùlà. Ó jẹ́ ara àdàpọ̀ náà gan-an. Òòfà àti superconductor ń jìjà fún mẹ́táàlì kan náà, òtútù ló sì ń pinnu ẹni tó borí.

Ṣé ojú lè rí ìjà yìí? Bẹ́ẹ̀ ni. Láàárín 1965 sí 1969, Yu Lu ní China, Hiroyuki Shiba ní Japan àti A. I. Rusinov ní Soviet, kálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ti ṣírò pé àyíká átọ́ọ̀mù òòfà kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ ní ààyè kan nínú àlàfo agbára, níbi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó dá wà lè fara mọ́. Ní 1997, Ali Yazdani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí IBM ní California fi ẹ̀rọ tó ń rí átọ́ọ̀mù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan wo ojú niobium. Wọ́n gbé átọ́ọ̀mù manganese, gadolinium àti fàdákà lé e. Ní ẹ̀gbẹ́ manganese àti gadolinium, wọ́n rí ààyè náà gẹ́lẹ́. Ní ẹ̀gbẹ́ fàdákà, tí kò ní òòfà, wọn kò rí nǹkan kan.

Ẹlòmíràn á béèrè pé kí ni gbogbo èyí kan ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ó kàn án bí ara rẹ̀ kò bá yá. Nínú ẹ̀rọ MRI tó lágbára, èyí tí dókítà fi ń yàwòrán inú orí àti ọ̀pá ẹ̀yìn, wáyà niobium àti titanium ló ń ṣe òòfà, nínú helium olómi. Wọ́n fi bàbà wé wáyà náà kí iná lè rí ibi gbà bí superconductor bá ṣèèṣì kúrò nípò rẹ̀, bàbà náà sì gbọ́dọ̀ mọ́, torí irin díẹ̀ á sọ ọ́ di oníwàhálà nínú òtútù. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 ka ẹ̀rọ MRI 84 ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. 58 nínú wọn wà ní Nàìjíríà. Agbára òòfà èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kéré, ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò sì lo superconductor rárá. Bí a bá fẹ́ èyí tó dára jù, tí a sì fẹ́ máa tún un ṣe fúnra wa, àwọn ọmọ wa gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nínú wáyà rẹ̀.

Àbùlà tó ní òòfà yìí tún ní ìgbà tí wọ́n ń wá a wọlé. Ṣáájú 1993, nígbà tí Amẹ́ríkà ń múra láti kọ́ ẹ̀rọ ńlá kan ní Texas fún ìwádìí ohun tíntìntín, wọ́n nílò wáyà tí okùn niobium-titanium inú rẹ̀ tín-ínrín ju irun lọ, tí wọ́n sì súnmọ́ra gidigidi. Àwọn èjì ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wá ń gba inú bàbà tó wà láàárín kọjá láti okùn kan sí òmíràn, èyí tó ń da ìṣe òòfà náà rú. Àwọn onímọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ da manganese mọ́ bàbà, bíi ìdajì nínú 1 nínú 100. Manganese ń tú èjì èyíkéyìí tó bá fẹ́ kọjá. Wọ́n pa iṣẹ́ ẹ̀rọ náà tì ní 1993, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà kò parun.

Nàìjíríà náà ní orúkọ nínú ìmọ̀ mẹ́táàlì. Ní 1965, Alexander Animalu, ọmọ Nàìjíríà, àti Volker Heine tẹ ìṣirò kan jáde láti Cambridge tó sọ bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń rí átọ́ọ̀mù nínú mẹ́táàlì 25. Àwọn onímọ̀ káàkiri ayé lò ó. Ó padà sílé wá kọ́ni ní Nsukka.

Iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Ní 1987, Paul Chu, Maw-Kuen Wu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí ohun kan tí wọ́n fi yttrium, barium, bàbà àti ọ́síjìn pò, tó ń di superconductor ní nǹkan bíi Kelvin 93. Nitrogen olómi, tó ń hó ní Kelvin 77, ti tó láti mú un tutù, ó sì rọ̀ lówó ju helium lọ. Ẹ wo àrà tó wà níbẹ̀. Bí gadolinium bá gba ipò yttrium, kò sí ewu. Ó jìnnà sí ibi tí àwọn èjì ń gbà. Bí zinc díẹ̀ bá gba ipò bàbà, zinc tí kò ní òòfà, tí wọ́n ń dà mọ́ bàbà kó di idẹ, ipò náà á bàjẹ́ kíákíá. Òfin Anderson kò mú un. Ohun tí èyí ń sọ ni pé èjì inú rẹ̀ yàtọ̀: agbára tó so wọ́n pọ̀ ń yí àmì padà bí apá tí wọ́n kọjú sí ṣe ń yí, nítorí náà gegele lásán ti tó láti tú wọn. Ohun tó so èjì náà pọ̀ gan-an, àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lé e lórí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní LASU ní Ọ̀jọ́, àti ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé girama ní Festac, ọ̀nà tí wọ́n fi dé ibi tí a dé yìí ṣe é tọ̀. Ẹ da ohun àjèjì kan mọ́ mẹ́táàlì, ẹ wo ohun tó bàjẹ́ àti ohun tí kò bàjẹ́, kí ẹ sì béèrè ìdí. Àbùlà tó lè pa ipò kan ni yóò sọ ohun tí wọ́n fi gbé ipò náà ró. Ìbéèrè bàbà àti ọ́síjìn yẹn ń dúró de ẹni tí yóò dáhùn rẹ̀, kò sì sí òfin tó ní kó má jẹ́ ọmọ Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin.